Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́: ṣé ti ọmọ tuntun lè bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu?

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mi kejì, Dámi, ọmọ ọdún mẹ́fà, SS ni, fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Ilé-ìwòsàn Wesley la ti ń gba ìtọ́jú. Lọ́dún yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù. Mofẹ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, AS ni. Ìbùkún tó tẹ̀ lé e, AA ni. Oyún mìíràn ti wà nínú mi, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Obìnrin kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní kílíníìkì ló sọ fún mi pé bí mo bá ti bí èyí, kí n ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ rẹ̀ pamọ́, pé òun ni wọ́n máa fi wo Dámi sàn pátápátá. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní O+ lòun, O+ ni Dámi, kí ni à ń dúró de ọmọ tuntun sí, kí wọ́n kúkú fa ti òun. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn ní kò sí ẹni tó máa gbé ibi ọmọ ilé àwọn lọ sí láàbù kankan. Orí mi ti dàrú. Ta ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Irúgbìn tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, òun ni wọ́n á gbìn sára Dámi kí ara rẹ̀ lè máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ àṣìṣe yẹn lẹ́nu iṣẹ́. O+ tí ẹ rí lórí káàdì, ara ẹ̀jẹ̀ pupa ló wà. AA, AS, SS, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn ni. Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní HLA. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ẹni méjì bára mu, kò sì sí lórí káàdì ẹnì kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló gbé e sójú bí ilà. Ẹ rántí ayé ogun: ẹni tó kọ pélé mọ ẹni tó kọ pélé; bó bá rí àbàjà, ó ti mọ̀ pé ará ibòmíràn ló dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn tí í ṣe ọmọ ogun ara, ṣe ń yẹ ojú gbogbo ohun tó bá wọlé wò.

Bí ilà kò bá bára mu, ìjà méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ara aláìsàn lè lé àlejò jáde. Èkejì ló burú jù: irúgbìn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbìn síni lára á hù, á di ọmọ ogun, á wá yí padà sí onílé pé òun ni àlejò. Awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń bá jà.

Gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni O lè gba ti ẹni A. Bó bá yá, gúrúùpù tirẹ̀ náà á di A. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe àwọn kan bí ìtàn àlọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí i kọ́? Ta ni ilà wọn tún máa jọra jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Bàbá kì í ju ìdajì lọ, mà. Ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé, nítorí lẹ́tà máa ń sú èèyàn.

Ká ní ilà yìí jẹ́ aṣọ. Dádì ní méjì nínú àpótí: sányán àti àdìrẹ. Ẹ̀yin náà ní méjì: àlàárì àti ẹtù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí á mú ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, á mú ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ká sọ pé sányán àti àlàárì ló bọ́ sọ́wọ́ Dámi. Ọmọ ìyá rẹ̀ mìíràn lè ní sányán àti àlàárì, sányán àti ẹtù, àdìrẹ àti àlàárì, tàbí àdìrẹ àti ẹtù. Mẹ́rin péré ni, kò sí ìkarùn-ún. Ẹni tó bá ní méjèèjì bíi ti Dámi, òun ló bá a mu délẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin bá a mu ní ìdajì. Ìkẹrin kò bá a mu rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ bí ìmumu. Dádì ní tirẹ̀, sányán nìkan lòun àti Dámi jọ ní, ìdí nìyẹn tí kò fi kọjá ìdajì.

Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ìyá bá jẹ́ mẹ́ta, ó tó nǹkan bí 58 nínú 100 pé ó kéré tán ọ̀kan á bá a mu. Ẹ má sì dúró de oyún, mà. Mofẹ́ àti Ìbùkún ti wà nílẹ̀, mùdùnmúdùn inú egungun wọn sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́. AS tí Mofẹ́ jẹ́ kò dí i lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ SS ni kò lè fúnni. Ṣé ẹ mọ oríkì yín, Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá iná.

Àgbà Ìjẹ̀ṣà:
Ha ha, ọmọ Ifẹ̀ ń fi oríkì wa bú wa.

Bàbá Ìbejì (Ìpetumodù):
Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Táíwò tèmi AA, Kẹ́hìndé SS. Gbogbo ẹbí ló ní kí n má ṣèyọnu, pé ìbejì ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ọjọ́ tí mo bá lówó ni iṣẹ́ á parí. Òótọ́ ni?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ: ọ̀kan AA, ọ̀kan SS. Ìbejì tó bá ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá kò lè ní jínótáìpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyin kan ni, bí Kẹ́hìndé bá jẹ́ SS, Táíwò náà á jẹ́ SS, kò sì ní lè ràn án lọ́wọ́. Inú ẹyin méjì ni tiyín ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ìyá lásán ni wọ́n lójú HLA, àfi pé wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá. Ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ìrísí ojú ṣe é.

Ọmọ Ẹnuwá:
Àwa ọlọ́bàkan ńkọ́? Bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, àwa mọ́kànlá la wà. Àbúrò mi kan ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ìyá tiwọn ti re ibi àgbà ń rè, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí.

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Ọbàkan lè ní sányán bàbá, ìyẹn ìdajì. Àlàárì ìyá kò sí nínú àpótí ìyá tiyín. Ẹ̀yin mẹ́wàá lè lọ fún àyẹ̀wò, nǹkan bíi márùn-ún nínú yín lè bá a mu ní ìdajì, ṣùgbọ́n kí ó bá a mu délẹ̀, àfi kó ṣèèṣì. Ìdajì náà kì í ṣe ohun ìsọnù mọ́ láyé ìsinsìnyí. Oògùn kan wà, cyclophosphamide, tí wọ́n ń fúnni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbin ẹ̀jẹ̀ tán, òun ló ń rọ ìjà àlejò àti onílé yẹn. Ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Mofẹ́, ọmọ mi, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọ, òun ló sì ká mi lára jù. Bí Dámi bá nílò ẹ̀jẹ̀, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fa ti Mofẹ́, ti Ìbùkún tí ó bá dàgbà, tàbí ti bàbá rẹ̀ sí i lára. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló máa ń mú wa ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ dípò, kí ó wọ inú báǹkì, kí wọ́n fún ọmọ ní ti ẹlòmíràn. Ara tó bá ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ rí lè ti kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fẹ́ gbin tirẹ̀ sí i, ọmọ ogun ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ọmọ kan, ọmọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fún àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún méjì. A ń yìn ín ni. Èmi gan-an fún un ní Malt àti bisikíìtì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ̀ wọ́n wò nílẹ̀ òkèèrè, òun náà ló bá a mu délẹ̀, ni àwọn dókítà bá ń kọminú nítorí ẹ̀jẹ̀ ìgbà yẹn. Títí dòní, bí mo bá rí Malt, mo máa ń rántí.

Àgbà Ìjẹ̀ṣà:
Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ sọ. Mo wà lẹ́yìn wọn. Ibi tí wọ́n bá sin ìwọ́ ọmọ sí ni ilé rẹ̀. Ilé-ìwòsàn gba ibi lọ́wọ́ èèyàn, ó ní láàbù lòun ń gbé e lọ, ta ló rí i padà?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀kan, sà, èmi náà sin ti àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe iṣẹ́ yìí lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Ọmọ á ti jáde, á ti ké, wọ́n á ti di ìwọ́, wọ́n á ti gé e, ọmọ á ti wà láyà ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á wá nu ìwọ́ tó kù lára ibi pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan rẹ̀, wọ́n á gbé àpò ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀ kí ó máa ṣàn fúnra rẹ̀. Ìwọ́ tó nípọn tó dúdú yẹn á máa funfun, á máa rọ, títí yóò fi rí bí ìfun adìẹ tí a ti fọ̀. Ó parí. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kì í sábà ju mílílítà 50 sí 150 lọ, ife tíì kékeré kan. Kò dun ìyá, kò dun ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà nìkan ni wọ́n fẹ́, ibi àti ìwọ́ á kù sílẹ̀, ẹ lè gbà á lọ sin. Láyé àtijọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni ilẹ̀ ń mu.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní Paris ní 1988. Dókítà Eliane Gluckman ló gbin ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò sí ara ẹ̀gbọ́n tí egungun rẹ̀ kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Màá ka èyí sí Màmá létí. Ó ku ìbéèrè kan: bí mo bá gbà á, ṣé mo lè tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìsà ilé?

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Fíríìsà tí NEPA ń mú ní ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ jọ̀ọ́, mà. Inú nitrogen olómi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, òtútù rẹ̀ jẹ́ 196 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Àárín wákàtí 48 ni ó sì yẹ kó ti dé ibi tí wọ́n á ti ṣètò rẹ̀. Nítorí náà, ìjíròrò yìí gbọ́dọ̀ ti parí pẹ̀lú dókítà àti ibùdó tó fẹ́ gbin ín kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ. Ìrọ̀bí kì í dúró de fọ́ọ̀mù.

Ọlọ́jà Sábó:
Ẹ ṣọ́ra fún àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́. Ọ̀kan wá bá mi nígbà tí mo wà nínú oyún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ mi ni ìdúró rẹ̀, pé àìsàn kí àìsàn tó bá ṣe é lọ́la, tirẹ̀ náà ni wọ́n á fi wò ó. Mo san owó. Lọ́dọọdún ni mẹ́séèjì owó ìpamọ́ ń wọlé. Wọ́n wá ṣe jínótáìpù, ọmọ jẹ́ SS. Mo pè wọ́n pé ó ti yá. Mo wá gbọ́ lẹ́nu dókítà pé ẹ̀jẹ̀ tí mo pamọ́ yẹn, SS lòun náà.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì:
Pẹ̀lẹ́, ìyá. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Àìsàn tó bá ti inú ẹ̀dá ọmọ wá, ó ti wà nínú ìwọ́ rẹ̀. Nígbà tí aláìsàn kan bá ti wà nínú ilé, tí wọ́n sì ń retí àbúrò rẹ̀, ìpamọ́ nítumọ̀ nígbà náà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ara gbogbo ọmọ rẹ̀ le, lójú tèmi, owó ìkómọ ni kí ó fi ṣe.

Àǹtí Houston:
Ẹ kú ọjọ́ o, ọmọ Iléṣà ni mí, Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Mo fi orúkọ sílẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùfúnni níbí. Òwú lásán ni wọ́n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ìṣẹ́jú kan, ó tán. Ohun tó mú mi ṣe é ni èyí: níbi ìforúkọsílẹ̀ tó tóbi jù níbí, NMDP, òyìnbó tó bá ń wá àjèjì tó bá a mu délẹ̀, 79 nínú 100 ló ń rí i. Àwa dúdú, 29. Àwa la ní oríṣi HLA tó pọ̀ jù láyé, a kò sì pọ̀ nínú ìwé. Ọmọ wa kan, Seun Adebiyi, agbẹjọ́rò, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009, wọ́n wá ẹni tó bá a mu títí wọn kò rí. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n padà lò fún un. Ní 2012 ó dá ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní Enugu fún Nàìjíríà. Kí ló dé tí ti ọmọ tuntun fi rọrùn ju ti àgbàlagbà lọ? Ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Nítorí pé àwọn ọmọ ogun inú ìwọ́ ṣì jẹ́ ọmọdé, wọn kò tíì jagun rí. Lára àmì HLA tí wọ́n ń kà, 8 nínú 8 ni dókítà ń wá fún mùdùnmúdùn àjèjì. Fún ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, 4 nínú 6 lè tó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kéré. Ó kéré tán, wọ́n ń fẹ́ sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara aláìsàn. Ọmọ kílò 18 bíi ti Dámi, ife tíì yẹn lè tó o. Àgbàlagbà kílò 80, wọ́n lè ní láti pa ti ọmọ méjì pọ̀. Ó tún ń pẹ́ kó tó hù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kòkòrò àrùn sì lè ti kó wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ SS: ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ *àjèjì* kò ṣe dáadáa fún fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà fún ọmọ mẹ́jọ, ara mẹ́ta péré ló gbà á, wọ́n sì dá apá yẹn dúró. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ti ọmọ ìyá tó bára mu délẹ̀ ló ń ṣe dáadáa.

Glivec 2006 (Modákẹ́kẹ́):
Kí n fi tèmi kún un, kì í ṣe gbogbo àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló nílò ìgbìn. CML, irú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan, ni tèmi. Nígbà kan ẹ̀rù ìgbìn ń bà mí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń múra àyẹ̀wò. Oògùn Glivec tí OAUTHC, ilé-ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003 ni mo ń lò. Láti Kano, láti Port Harcourt, ni wọ́n ti ń wá gbà á ní Ifẹ̀ nígbà náà.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni. Ìyá Mofẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́ pé eré ni ìgbìn. Oògùn líle ni wọ́n á kọ́kọ́ fi pa ti inú egungun rẹ̀ kí wọ́n tó gbin tuntun. Ó lè má jẹ́ kó bímọ lọ́la, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Àwọn kan kò jí níbẹ̀. Bó bá sì yọrí sí rere tán, ẹ̀jẹ̀ Dámi á yí padà, ṣùgbọ́n àtọ̀ rẹ̀ kò yí padà, S ni yóò fún ọmọ tó bá bí. UBTH, ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Benin, ti ṣe é láti 2011, LUTH, ti Èkó, náà ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú Sickle Cell Foundation. Títí dìgbà náà, má fi oògùn hydroxyurea rẹ̀ ṣeré.

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. A ti ṣe àyẹ̀wò. Mofẹ́ bá a mu ní ìdajì. Ìbùkún tí gbogbo àdúgbò ń pè ní fótò Dámi, imú kan náà, etí kan náà, kò bá a mu rárá, ẹyọ kan báyìí kò jọra. Mo sunkún ní kọ́rídọ̀. Ọkọ mi ní òun ìdajì náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń yangàn. Ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn méjì ti kùnà yìí, ṣé kò ní jẹ́ pé ti inú mi ni yóò bára mu báyìí?

Ọmọ Láàbù (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kì í ṣe èsúsú tí yóò kan ẹni tó kù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tún àpótí ṣí lọ́tun ni, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ló ṣì wà. Nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ AS, ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún SS. Kí ó bára mu, kí ó má sì jẹ́ SS, 3 nínú 16, nǹkan bíi 19 nínú 100. Ó kéré, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ìwọ́ kò bá ṣeé gbà pamọ́ rárá, wọ́n ṣì lè yẹ ọmọ náà wò lẹ́yìn ìkómọ. Bó bá bára mu, mùdùnmúdùn rẹ̀ ń dúró títí yóò fi dàgbà díẹ̀.

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Ohun tí dókítà wa náà sọ nìyẹn. Ó ń kọ lẹ́tà sí Èkó lórí ìpamọ́, a ń retí èsì.

Àgbà Ìjẹ̀ṣà:
Màmá ńkọ́?

Ìyá Mofẹ́ (Iléṣà):
Wọ́n ti gbà, sà. Mo ka ọ̀rọ̀ Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n tún ibi ìfun adìẹ yẹn kà. Wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn á wà lẹ́nu ọ̀nà lébà wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì làwọn á ti gba ibi ọmọ àwọn. Wọ́n ti ra ìkòkò.